Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Lavonne Béèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá ní òbí kan tó ń dá gbé níbì kan, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ọmọ ogún ọdún ni Lavonne Dierks. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀, Orrin, nìkan ló ń gbé lóko àgbàdo wọn ní ìpínlẹ̀ Áyówà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ìgbà ooru, ó ríṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilé ìtajà òdòdó kan nílùú ńlá Ṣikágò, ó sì kó lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà àwa ará Áyówà fún yín. Tí ẹnikẹ́ni bá fi nǹkan lọ̀ wá, a kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. "Wá jẹun." "Rárá, mo ti yó." "Wá jẹ díẹ̀." "Ẹ má ṣèyọnu." Ìgbà kẹta la tó máa ń fa àga jókòó, ebi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú.

Ní Ṣikágò, wọn ò mọ̀ ọ́n.

2.
Gbogbo ẹni tí Lavonne bá pàdé lójú títì ló ń kí. Nígbà tó kí obìnrin kan, ṣe ni ìyẹn di báàgì ara rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tó rí olè. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni yàrá tó gbà wà. Tí rélùwéè bá ń kọjá, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri, kò sì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ní Ọjọ́ Ẹtì kan, Itzel, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń di òdòdó, bá a sọ̀rọ̀.

"Lavonne, à ń lọ sétí adágún lọ́la. Mọ́mì mi fẹ́ yan ẹran. Ṣé wàá wá?"

"Áà, rárá o, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

"Ó dáa náà."

Itzel gbé báàgì, ó lọ. Lavonne dúró, ó ń retí kó yíjú padà. Kò yíjú padà. Lọ́jọ́ kejì, Lavonne jókòó síwájú fèrèsé, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn. Tí bàbá rẹ̀ bá sì pè é, á ní, "Mò ń gbádùn, Dádì. Ọ̀rẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ."

3.
Nígbà tó sú u, ó bi Itzel pé, "Kí ló dé tó ò pè mí mọ́?"

Itzel yanu. "Ta ni ò pè ọ́? Mo pè ọ́, o ní rárá! Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ ni, Ayaba Àgbàdo? Níbí o, tá a bá ti gbọ́ rárá, ó tán nìyẹn."

Lavonne rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó dé. Ó kọ́ ìwà náà, ó sì kọ́ ọ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ sétí adágún, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pe bàbá rẹ̀ mọ́.

4.
Níparí oṣù keje, Orrin pè é. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

"Àyà ló ń fún mi díẹ̀. Kì í ṣe nǹkan gidi."

"Ṣé kí n wálé ní Sátidé, Dádì?"

"Rárá, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ọ̀nà jìn. Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Lavonne mọ ohun tó kàn. Inú ìwà yẹn ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ni ọjọ́ ìbí Itzel, ó sì wù ú láti lọ. Ló bá di ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀ mú.

"Ó dáa náà, Dádì."

Orúkọ tó máa ń pè é ní kékeré ni bàbá fi dá a lóhùn. "Ó dáa, Vonnie. Máa tọ́jú ara rẹ."

5.
Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Kuhl, aládùúgbò wọn ní Áyówà, pè é. Orrin ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Kuhl mú Lavonne wọ yàrá tó máa ń sùn sí nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn, wọ́n sì ti gbálẹ̀.

"Dádì rẹ ló ṣe é," ni Ìyá Kuhl wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n ní sùúrù di Sátidé, pé ìwọ lo máa gbé òun lọ."

"Mi ò sọ pé mò ń bọ̀, mà."

"Mo bi í bóyá o sọ pé ò ń bọ̀. Ó ní, 'Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì máa tún béèrè.' Àtàárọ̀ Sátidé ló ti jókòó síwájú ilé, fóònù wà lórí itan rẹ̀."

Lavonne ò lè fara kan ibùsùn yẹn. Orí ilẹ̀ ló sùn sí, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíì mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rẹ́ tuntun nílùú ńlá, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi "má wá" tí òbí yín sọ ṣe àwáwí. Ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àárò yín ń sọ àwọn. Ẹ tún béèrè. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ má béèrè mọ́. Ẹ wọ mọ́tò.