Fọ́tò Sàfírínò Lára Ògiri Mùíbátù

Ní ọdún méjì ṣáájú òmìnira, kò sí ẹni tí ará Ọ̀tà fẹ́ràn tó Sàfírínò, ọmọ Bùràsílì tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú. Kò tẹ ilẹ̀ wa rí o. Asọ̀rọ̀mágbèsì ló gbé òkìkí rẹ̀ dé, ìwé ìròyìn Èkó sì gbé fọ́tò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń gẹ irun Sàfírínò ní Sàngó. Wọ́n tilẹ̀ sọ àgbò Lèmọ́mù ní Sàfírínò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dú u mọ́.

Ohun tó dun Fàlílù bíríkìlà ni pé Mùíbátù, ọmọ Bàbá Rùfáì, ọmọge tí òun fẹ́ fi ṣaya, fẹ́ràn Sàfírínò ju gbogbo wọn lọ. Ó lẹ fọ́tò ọkùnrin náà mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, níbi tó ṣe déédéé ojú rẹ̀ bó bá jókòó lórí ẹní. Nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀rọ Àmọ̀dá, télọ̀ tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, bá ti dákẹ́, Mùíbátù á sún mọ́ fọ́tò náà, á máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Bàbá Rùfáì máa ń wí. "Èmi gan-an, ká ní obìnrin ni mí, Sàfírínò ni mi ò bá fẹ́."

Nígbà tí Bàbá Rùfáì ní kí Fàlílù wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé òun, gbogbo ògiri ló rẹ́ àfi ọ̀kan. Mùíbátù dúró síwájú fọ́tò, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Bọ̀dá Fàlílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kò bínú sí Mùíbátù. Owú Sàfírínò ló ń jẹ. Àmọ́ ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó lọ gẹ irun Sàfírínò, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́ títí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Ọ̀tà kojú Àtàn, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Wọ́n gbé e lé èjìká. Bàbá Rùfáì ń sunkún ayọ̀.

"Sàfírínò tiwa rèé. Mo fún ọ ní Mùíbátù."

Inú Fàlílù dùn débi pé ó dárí ji ọmọ Bùràsílì yẹn. Ó gba férémù onígíláàsì lọ́wọ́ káfíńtà, kí Mùíbátù lè gbé fọ́tò rẹ̀ wá sílé ọkọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dé ibẹ̀, Mùíbátù ti lọ pọnmi. Bàbá Rùfáì fúnra rẹ̀ ló ní kó wọ yàrá. Fàlílù kúnlẹ̀, ó rọra ṣí fọ́tò náà kúrò lára ògiri kó má baà ya.

Ihò kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ Àmọ̀dá télọ̀ sì ti ibẹ̀ yọ wá, ó rọra ń fọwọ́ pa Fàlílù lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Mùíbátù mi, ṣé bíríkìlà yẹn ti lọ?"