Imú Wúrà

Gbogbo ilé oúnjẹ náà ló ń pè é ní Imú Wúrà, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ wáìnì wò kó tó dórí tábìlì. Á gbé gíláàsì sábẹ́ imú, á dijú, á sì sọ bóyá àjàrà náà gbó dáadáa kí wọ́n tó ká a. Àwọn oníbàárà mìíràn kì í tilẹ̀ mutí, ìran ni wọ́n wá wò.

Ọ̀fìnkìn ló ba nǹkan jẹ́. Ó jà káàkiri ilé oúnjẹ náà nígbà òtútù, láti ọ̀dọ̀ àwọn agbáwo títí dé ìdí ààrò, kò sì sẹ́ni tí kò sín. Nígbà tí ara Imú Wúrà yá, ó gbé kọfí sẹ́nu, àfi bíi pé omi gbígbóná lásán ló ń mu. Ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ kíkan, ó ṣì mọ iyọ̀. Imú nìkan ló kú pátápátá. Dókítà ní kó ní sùúrù, ó lè padà, ó sì lè má padà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa fi ẹni tí kò gbọ́ òórùn sídìí wáìnì? Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, òun nìkan ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ̀rù kí iṣẹ́ yẹn má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń bà á gan-an, ẹni tó sì ń sá fún jù ni olórí àwọn kúùkù, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ṣíbí nítorí ṣíbí tí kì í kúrò nínú àpò àyà rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ irú bọ́tà tó wà nínú páànù.

Ni Màdáámù tó ni ilé oúnjẹ bá ní kí àwọn méjèèjì yan wáìnì funfun tuntun, èyí tó kan díẹ̀ tó sì tutù lẹ́nu, kí wọ́n sì wá oúnjẹ tó máa bá a lọ. Ìgò méjì ni àwọn olówò fi ránṣẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀. Màdáámù ní ọ̀sán ni òun máa wá jẹun.

Nígbà tí Imú Wúrà wọ ilé ìdáná, Ọ̀gá Ṣíbí ń fi ìwọ̀n kékeré wọn iyọ̀.

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń wọn iyọ̀, Ọ̀gá?”

“Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ni, Àǹtí. Wọ́n fẹ́ kí àwo tòní rí bíi ti àná.”

Imú Wúrà da wáìnì ìgò kọ̀ọ̀kan sí gíláàsì kan. Ó fi imú sí wọn, ó dijú bó ṣe máa ń ṣe, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá pinnu láti fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu kúùkù.

“Kí lẹ gbọ́ níbẹ̀, Ọ̀gá?”

“Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ sọ. Imú yín ló lórúkọ.”

“Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù.”

“Àgbà ìdí ààrò ni mo jẹ́. Ti ìgò kọ́.”

Wọ́n ṣe é títí, kò sẹ́ni tó gbà. Nígbà tó rí i pé ọ̀sán ń sún mọ́lé, Imú Wúrà sọ ohun tí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣàìní. “Ó jọ ọsàn wẹ́wẹ́.”

“Ọsàn wẹ́wẹ́ gan-an,” ni Ọ̀gá Ṣíbí dáhùn lójú ẹsẹ̀.

“Àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.”

“Tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀.”

Ọkàn Imú Wúrà balẹ̀. Bí òun tilẹ̀ ń méfò, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ yà díẹ̀ sí ìgò apá òsì, ó wo ojú kúùkù, ó rí i pé apá òsì náà ni ọkùnrin náà ń wò, ó bá gbé e.

Oúnjẹ kò ṣòro. Ahọ́n rẹ̀ sọ fún un pé kíkan yẹn ń wá ọ̀rá àti iyọ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Ṣíbí fi bọ́tà dín ẹja, kó fi wàràkàṣì ewúrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà kò sì jiyàn. Wọ́n dúró ti páànù, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

“Kí ló ń jó níbí?”

Màdáámù ni, lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, aṣọ ìnuwọ́ kan ti kan iná, ìdajì rẹ̀ ti dúdú. Ọ̀gá Ṣíbí sáré jù ú sínú omi.

“Ẹ má bínú, Màdáámù. Àǹtí ti sọ fún mi tipẹ́, èmi ni mi ò tètè gbé e kúrò.”

Imú Wúrà rò ó wò. Bí ọkùnrin yìí kò bá mọ̀ nípa imú òun, kí ló dé tó fi parọ́ gba òun sílẹ̀? Ó ti mọ̀ nìyẹn.

Màdáámù jẹ ẹja, ó mu wáìnì, ó tún jẹ, ó tún mu. Ó fi búrẹ́dì nu bọ́tà tó kù nínú àwo, ohun tó kìlọ̀ fún gbogbo àwọn agbáwo pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n ra gbogbo ìgò irú ẹ̀ tó wà lọ́wọ́ olówò.

“Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ imú yẹn o,” ló wí, ó sì jáde.

Ọ̀gá Ṣíbí tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní kí Imú Wúrà jọ̀ọ́ bá òun wọ yàrá ìkó-nǹkan-sí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láàárín àwọn àpò ìyẹ̀fun, obìnrin náà ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lọ́kàn: ọmọ òun tó wà nílé ìwé, dókítà tó ní ó ṣì lè padà.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màdáámù gbọ́,” ni ọkùnrin náà wí, kò lè wo ojú rẹ̀, “imú mi ti kú láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn, tiyín nìkan ni mo fi ń dáná.”