Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Àyọ̀kẹ́

Àyọ̀kẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lawọ́, ó mọ iṣẹ́, èrò kì í sì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìrun-dídì rẹ̀ ní àdúgbò Arcella, ní ìlú Padua, lórílẹ̀-èdè Italy. Àléébù kan ló ní: kì í wádìí ọ̀rọ̀ kó tó dá a lẹ́jọ́. Àléébù yìí ló mú kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ketut ló ń gbé ní òdìkejì rẹ̀ ní àjà kẹta. Erékùṣù Bali ni Ketut ti wá, ẹlẹ́sìn Híńdù sì ni. Bí Ìyanu, ọmọ ọdún méje tí Àyọ̀kẹ́ bí, bá ti ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Ketut ló ń wà títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ lọmọ náà ti ń gbọ́ nípa oko ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́ sára òkè bí àtẹ̀gùn, nípa òkè tó ń yọ iná, àti nípa ọjọ́ kan lọ́dún tí gbogbo erékùṣù náà ń dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde, tí wọn kì í tanná, kí ayé lè sinmi.

Nígbà òtútù kan, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé Ìyanu dé ọsibítù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Àyọ̀kẹ́ ṣílẹ̀kùn láti lọ wò ó. Ohun tó bá lẹ́nu ọ̀nà ni agbọ̀n pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Òdòdó wà nínú rẹ̀, àti wóró ìrẹsì, àti tùràrí tó ń rú èéfín. Ọmọ Yorùbá wo ló máa jí bá irú èyí lẹ́nu ọ̀nà tí àyà rẹ̀ kò ní já? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

"Ẹbọ rèé!" ni Àyọ̀kẹ́ pariwo. "Ketut fẹ́ pa mí lọ́mọ!"

Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbá a dànù, ó sì da òróró àdúrà sójú ibẹ̀. Nígbà tó ròyìn ní ṣọ́ọ̀bù, Ìbíwùmí tó ń bá a dirun gbà á nímọ̀ràn.

"Àǹtí, ẹ kúkú bi í ná. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà nílùú wọn nìyẹn."

"Ta ló ń bi àjẹ́ léèrè ohun tó ń ṣe? Jọ̀ọ́, dirun ẹ!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Arcella ti gbọ́ pé àjẹ́ ni Ketut. Kò tẹ́ Àyọ̀kẹ́ lọ́rùn, ó tún kọ̀wé sí amministratore tó ń bójú tó ilé náà pé Ketut ń dáná sí orí àtẹ̀gùn. Onílé Ketut kò fẹ́ wàhálà, ó ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù jáde, Ketut kanlẹ̀kùn Àyọ̀kẹ́.

"Signora, báwo lara ọmọ?"

Àyọ̀kẹ́ ń wò ó láti ojú ihò ilẹ̀kùn, kò ṣílẹ̀kùn. Ketut gbé ẹrù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyanu délé. Àǹtí rẹ̀, Zia Ketut, ló kọ́kọ́ béèrè fún. Ìyá rẹ̀ ní ó ti lọ, pé ẹbọ ló ń rú sí i.

"Ma no, mamma! Rárá o!" Ìyanu bú sẹ́kún. Ó fi èdè Italy ṣàlàyé pé Ketut ń wá wo òun ní ọsibítù nígbà tí ìyá òun bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, pé ó sọ fún òun pé òun Ketut gbé òdòdó fún Ọlọ́run sẹ́nu ọ̀nà wọn kí ara Ìyanu lè yá. Kí ló dé tí ìyá òun kò bi í?

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àyọ̀kẹ́ kò rí ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọ mọ́, ó wá ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin. Àwọn oníbàárà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ gba ibòmíràn lọ. Kí ọdún tó yí po, ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún onílé. Lọ́jọ́ náà ló wá ìgboyà pe Ketut, tó ti padà sí Bali, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún.

"Signora, mo ti dárí jì yín," ni Ketut wí. "Ṣùgbọ́n mi ò padà wá mọ́."

Ìyanu gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín àjèjì, tí ẹ̀yin náà sì jẹ́ àjèjì, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ̀rù ọmọ ló ba Àyọ̀kẹ́, kò sí abiyamọ tí kò ní bà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rù náà. Ohun tó jọ ẹbọ lójú wa lè jẹ́ àdúrà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí a bá sì ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́.