Ìtẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́

Akọpẹ náà ti dé orí ọ̀pẹ, ó ti na àdá sí ẹyìn, kí ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ké létí rẹ̀, tó sì sá lọ.

"Mùlíkátù! Ọ̀kẹ́rẹ́ ni! Wọ́n ti padà sínú igbó wa!"

"Mo gbọ́, Bàbá Bùsàrí," ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ìdí ọ̀pẹ. "Ẹ tètè gé ẹyìn. Òjò ti ṣú, ẹ ò sì yẹ okùn igbà yẹn wò kẹ́ ẹ tó fi gùn ún."

"Igbà tí mo fi epo pa, kó má baà gbẹ, kí n tó gbé e kọ́ sí abà? Kí ló fẹ́ ṣe é?"

Ó fẹ̀yìn ti okùn náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ ti pa ọ̀kẹ́rẹ́ tán láyìíká Ẹ̀pẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni kì í rí yíyan rà mọ́ ní gáréèjì Ìkòròdú. Òun nìkan ló ń bá wọn jà, tó ń tú tàkúté wọn dànù.

Ó rọra fa imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ sùn nínú ìtẹ́. Fọ́nrán okùn ni ìyá wọn fi tẹ́ ẹ, ó sì rọ̀ bí òwú. Ó fa fọ́nrán kan yọ. Ó pupa, òórùn epo sì ń jáde lára rẹ̀.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Bùsàrí, ṣé ẹ ò tíì gé ẹyìn náà ni?"

Ó rọra na apá méjèèjì, ó gbá ọ̀pẹ mọ́ra. Lẹ́yìn ìbàdí rẹ̀, nǹkan kan dún: ta.

"Mùlíkátù," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kúrò nídìí ọ̀pẹ."