Síbí Fàdákà Tíṣà Ọládipọ̀

Tíṣà Ọládipọ̀ kò bímọ; ohun èlò ìjẹun àwọn òyìnbó ló fi ṣe ọmọ. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ni ní Ìsẹ̀ ló ti ń kó wọn jọ: síbí fàdákà, fọ́ọ̀kì, abọ́, àti irin tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì yọ lẹ́nu ìgò wáìnì. Ibi tí àlùfáà òyìnbó bá ti kó kúrò, kí eruku ọkọ̀ rẹ̀ tó rọlẹ̀, Tíṣà ti débẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sílé ní Ìkẹ́rẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ rẹ̀ kò gba nǹkan mìíràn mọ́. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n jẹun rí. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ a máa fi àkísà nù wọ́n ní Sátidé, a sì máa ní òun kò mọ̀ pé orogún lòun wá bá nílé.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac kó kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí iṣẹ́ ìjọba ní Adó, òun àti Comfort ìyàwó rẹ̀ sì gba ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé Tíṣà. Isaac ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Fàdákà wù ú bó ti wu Tíṣà. Irin ìfakọ́ọ̀kì kan wà tó ní èèkù eyín erin; tí Isaac bá ti gbé e, ó di ọ̀ràn kó tó gbé e sílẹ̀. Kì í sì í wá lọ́wọ́ òfìfo, ẹyin ló máa ń gbé wá fún Bọ́sẹ̀dé.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ó sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ fún ní májèlé jẹ nítorí ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ọba òyìnbó fi ń fi fàdákà jẹun,” ló wí. “Tí májèlé bá kàn án, dúdú ló ń dú. Fàdákà kì í purọ́.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú síbí kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Iṣu sísè àti ọbẹ̀ ẹyin ni Bọ́sẹ̀dé gbé wá. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi jọba òyìnbó ni. Tíṣà jẹun tán, ó wo síbí, ó ti di dúdú. Ó mu epo pupa títí ó fi bì, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Lálẹ́, wọ́n jẹ iyán. Síbí tó fi bu ọbẹ̀ ń dán. Nígbà tó tún jẹ iṣu àti ẹyin láàárọ̀, síbí tún dú. Tíṣà rò ó wò: obìnrin tó gbọ́n kò ní í fi májèlé sí gbogbo oúnjẹ, kí wọ́n má baà fura sí i. Ó kó ẹrù Bọ́sẹ̀dé síta. Obìnrin náà bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Tíṣà sì na síbí dúdú sí i. Kò yé e. Ó sunkún lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹmùré.

Isaac ní kí Ẹ̀gbọ́n máa wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn. Inú Tíṣà dùn débi pé ó fún un ní irin eléyín erin náà, ó sì sọ lójú àwọn àgbà ìjọ pé tí òun bá kú, Isaac ni kó kó ìyókù. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ, síbí fàdákà lápò. Kò dú rí. Isaac a fi irin eléyín erin ṣí wáìnì fún un. Isaac fúnra rẹ̀ kì í mu níbẹ̀; ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́. Wáìnì náà korò díẹ̀, Isaac sì ní bí ti àtijọ́ ṣe ń rí nìyẹn.

Síbẹ̀, Tíṣà ń rù. Inú ń ta á, irun orí rẹ̀ ń re. Ó ń gégùn-ún fún Bọ́sẹ̀dé, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì tán lára òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Isaac pẹ́ ní Adó. Ó ti ṣí ìgò wáìnì Tíṣà sílẹ̀ kó tó jáde láàárọ̀. Comfort bu iṣu àti ẹyin tó ń jẹ lọ́wọ́ fún àlejò rẹ̀, ó sì rọ wáìnì sínú ife fún un. Tíṣà jẹun, ó mu ún dé ìdajì, ó sì wo síbí. Síbí náà ti di dúdú. Comfort rí i, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá, ẹyin ló máa ń sọ fàdákà di dúdú bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ló sọ fún mi kí a tó kó dé Ìkẹ́rẹ́, ó sì ní n kò gbọdọ̀ gbé ẹyin síwájú yín láé, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́, ẹ mu wáìnì yín tán.”