Oúnjẹ Aboyún Tí Ìyá Aago Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù ni. Ogún aránṣọ, alábòójútó kan. Ìyá Aago ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí bí o bá lọ tọ̀, aago ni yóò máa wò títí o fi padà.

Lọ́jọ́ kan, máníjà béèrè ẹni tó gé odindi ìdì aṣọ sódì. Aránṣọ kan ló dá a lóhùn: "Ọ̀gá wa ni, sà."

Ìyá Aago dì í sínú. Ó ní, "Ọjọ́ ń bọ̀."

2. Aránṣọ náà lóyún. Nígbà tó pé oṣù méje, nọ́ọ̀sì ní ó ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé tó bá ti gún un, kó jẹun lójú ẹsẹ̀. Ó fi ìwé nọ́ọ̀sì han Ìyá Aago.

"Alátọ̀gbẹ tó ń du oúnjẹ! Àìsàn nìyẹn àbí ọ̀kánjúwà?"

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ tó ń retí ti dé.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aboyún náà gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sí báàgì oúnjẹ. Kò sí níbẹ̀. Ìyá Aago ti tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ti gún abẹ́rẹ́. Ẹ fún mi lóúnjẹ mi."

"Rán àádọ́ta àpò yẹn tán ná."

"Mà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Ahọ́n tó ròyìn mi fún máníjà ńkọ́? Ṣé òun náà ń gbọ̀n?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Òógùn bo aboyún náà. Ó dìde, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú, ikùn rẹ̀ sì gbá etí tábìlì irin. Bàbá tó ń lọ aṣọ já kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ohun mímu dídùn sí i lẹ́nu, ó gbé e dìde. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà.

Dókítà gba ìyá là. Ọmọ kú.

4. Ìyá Aago lọ kúnlẹ̀ níwájú aránṣọ náà. "Dárí jì mí. Iṣẹ́ Èṣù ni."

"Ẹ má dì í ru Èṣù. A ò gbà á síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ dìde, mà; orúnkún yín ò lè jí ọmọ mi."

Ó fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé Ìyá Aago lọ sílé ẹjọ́. Ìjókòó iwájú ni aránṣọ náà ń jókòó sí nígbà gbogbo tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà, kì í gbójú kúrò lára Ìyá Aago. Àwọn aránṣọ jẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò Ìyá Aago, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an tó ń rán bọ́tìnnì, ló kọ́kọ́ dìde: "Ìṣojú mi ló ti ṣe é." Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó sunkún.

Ẹ gbọ́ o! Àtọ̀gbẹ inú oyún kì í ṣe ọ̀kánjúwà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí òógùn bò ó, ẹ fún un ní nǹkan dídùn kíá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi inú aboyún gba ẹ̀san ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.