Àjà Tó Dákẹ́

Ìyàwó ilé kan tó ń ṣe télọ̀ ti gun àkàsọ̀ dé ìdajì, agbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ oúnjẹ di ohun tó wọ́n bí imí eégún, orí àjà ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń tọ́jú àgbàdo sí.

"Màmá, oògùn eku yín mà ṣiṣẹ́ o. Àwọn eku ò pariwo mọ́."

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbójú sókè nídìí ògì tó ń sẹ́. "Oògùn wo? Mo rò pé ìwọ lo rà á ni."

"Èmi kọ́ o, mà."

"Á jẹ́ pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà. Mo wọ́n omi ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ti orí bọ inú òkùnkùn àjà, ó sì na ọwọ́ sí òkìtì àgbàdo.

"Tí o bá rí ológbò, bá mi lé e sọ̀ kalẹ̀," ni ìyá wí. "Láti ìjẹta tó ti gòkè, kò tíì sọ̀."

Ọwọ́ télọ̀ dúró sójú kan. Ohun tútù kan, tó tóbi tó itan ọkùnrin, ń gba orí ọwọ́ náà kọjá jẹ́jẹ́. Ó ń kọjá, ó ń kọjá, kò tán.